Ààrò Àgbà Nílé Gàrí Ọláwuyì

Ilé gàrí kan wà lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Ìlá lọ sí Òkè-Ìlá. Ọláwuyì ló ni ilẹ̀ ibẹ̀. Òun náà ló ni ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé. Páànù ni òrùlé. Ògiri dí ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, iwájú nìkan ló ṣí sójú ọ̀nà. Ààrò márùn-ún tò tẹ̀ lé ara wọn láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí ògiri ẹ̀yìn, obìnrin kan sì máa ń wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó bá ń kọjá lọ lè rò pé ibi tó bá wu obìnrin ló ń jókòó sí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyàwó tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹnu ọ̀nà ni tiẹ̀. Òjò á máa ta sí i lára. Atẹ́gùn á máa ti iná rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí àgbà kan bá kú, tàbí tó lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ, gbogbo àwọn tó kù á sún inú lọ. Ààrò tó kángun sí ògiri ẹ̀yìn ni wọ́n ń pè ní ààrò àgbà. Òjò kì í dé ibẹ̀. Afẹ́fẹ́ kì í pa iná ibẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó síbẹ̀, kò sẹ́ni tó tún lè rán an níṣẹ́ omi.

Bọ́láwùmí ló wà níbẹ̀. Òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyá Gabriel ni wọ́n ń pè é nílé gàrí, nítorí àkọ́bí rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré, a jọ dàgbà ládùúgbò kan ni. Ẹ̀gẹ́ oko mi náà ni wọ́n sábà máa ń rà, nítorí náà kò sí ọ̀sẹ̀ tí mi ò dé ibẹ̀.

Ọmọ tó ń bèèrè ọ̀rọ̀ ni Bọ́láwùmí. Bó ṣe wà láti kékeré nìyẹn. Nígbà tí wọ́n ń fún ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé wọn, ó rí i pé ibi tí omi ẹ̀gẹ́ bá ṣàn gbà, koríko ibẹ̀ á kú. Ó bi ìyá rẹ̀ pé, "Kí ló dé tí omi ẹ̀gẹ́ fi ń pa koríko, tí gàrí kì í pa wá?" Ìyá rẹ̀ ní kó máa bó ẹ̀gẹ́ tó wà níwájú rẹ̀. Ìwé mẹ́rin ló kà kó tó kúrò nílé ìwé. Ọlájídé tó fẹ́ ẹ, àgbẹ̀ olóbì ni. Ọlájídé máa ń sọ fún wa pé bí òun bá gé oúnjẹ sẹ́nu báyìí, ìyàwó òun á bèèrè ìdí tí òun fi kọ́kọ́ jẹ ẹran. "Ìyá Kí-ló-dé" ló ń pè é. Ọlájídé ti kú. Ilé gàrí ló kù fún Bọ́láwùmí, kì í sì í ṣe nítorí oúnjẹ nìkan. Ibẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tó wà lẹ́nu ọ̀nà bí ìyàwó tuntun, òjò pa á bí òjò ṣe ń pa ewúrẹ́, kò húkọ́. Nígbà tó sún dé àárín, ojú a máa ta á, ó kàn ń fi ìbòrí nu ún ni. Nígbà tí ìyá tó wà níwájú rẹ̀ kú, tó wá bọ́ sí ààrò àgbà, ikọ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́yẹ́ tó tẹ̀ lé e.

Mo ti rí i tó ṣe é lójú mi. Á kọ́kọ́ dà bí ẹni tó fẹ́ sín. Ọ̀nà ọ̀fun á máa rìn ín. Ikọ́ gbẹrẹfu á dé. Lẹ́yìn náà àyà á há, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọn bí ẹni tó ń fẹnu súfèé. Ó ní ó dà bí ìgbà tí wọ́n so ọ̀já mọ́ òun láyà tí wọ́n ń fà á. Ó tún sọ ohun kan tó yà mí lẹ́nu. Ó ní àtimí sínú ò ṣòro tó àtimí síta. Afẹ́fẹ́ á wọlé, á kọ̀ láti jáde. Ó bi mí pé kí ló dé.

Gbogbo wa ló dá wa lójú pé òtútù ni. Nílẹ̀ wa, ẹni tí àyà bá ń dùn, òtútù ló mú un, ẹni tí òtútù bá sì mú, iná ló yẹ kó sún mọ́. Bí àyà Bọ́láwùmí bá ti ń fọn, wọn á sún àpótí rẹ̀ mọ́ ìdí ààrò. Wọn á fi àdí pa á láyà. Wọn á da aṣọ bò ó. Tẹjúmádé, ẹni tó tẹ̀ lé e lágbà, á ju ògùṣọ̀, pàǹtí ẹyìn tí wọ́n ti fún epo rẹ̀, sínú iná kó lè tètè gbóná. Ẹ mọ èéfín ògùṣọ̀. Á dúdú, á ki, á máa yọ òróró.

"Ẹ fà á símú dáadáa, Ìyá Gabriel," Tẹjúmádé á wí. "Kí òtútù yẹn lè jáde."

Bọ́láwùmí á fà á símú. Òtútù ò jáde.

Nígbà tó pẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Wọ́n ní ẹnì kan ló ń ṣe é. Wọ́n ní ìgbà tí kò tí ì dé ààrò àgbà, ṣebí ara rẹ̀ le? Ààrò yẹn ni ẹnì kan ń jowú. Wọn ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, àmọ́ olúkúlùkù wọn ń wo ojú ara wọn. Bọ́láwùmí náà fẹ́ gbà á gbọ́. Ó wá sọ fún mi lọ́jọ́ kan nídìí igi obì mi tó wà lódìkejì ọ̀nà pé, "Tó bá jẹ́ ìlara ni, kí ló dé tó fi máa ń sinmi lọ́jọ́ Àìkú?" Mo ní bóyá àwọn náà ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé.

Gabriel, ọmọ rẹ̀, olùkọ́ ni ní Ìgbájọ. Ìyàwó rẹ̀ bímọ, wọ́n ní kí Màmá wá bá àwọn wẹ ọmọ. Ìgbájọ yẹn, òkè ló yí i ká. Òtútù ibẹ̀ lówùúrọ̀ kì í ṣe kékeré. A bẹ̀ ẹ́ kó má lọ. Tẹjúmádé sunkún. Bọ́láwùmí di súwẹ́tà sínú àpò, ó di àdí sí i, ó gun ọkọ̀.

Kò húkọ́ níbẹ̀. Ó ń jí ní ìdájí, kùrukùru á ti bo gbogbo òkè, á sì gbé omi ọmọ kaná lórí sítóòfù gáàsì, á jókòó síta fi ẹsẹ̀ méjèèjì gbé ọmọ jòjòló wẹ̀. Àyà rẹ̀ ò fọn. Súwẹ́tà wà nínú àpò. Ó fi fóònù pe Tẹjúmádé, Tẹjúmádé sì ṣí fóònù sókè kí gbogbo ilé gàrí lè gbọ́.

"Tẹjú, àyà mi ò fọn mọ́ o."

"Ẹ ṣeun, Jésù! Oògùn wo lẹ lò, Ìyá Gabriel?"

"Mi ò lo nǹkan kan. Òtútù ibí sì ju ti Ìlá lọ. Kí ló dé?"

"Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀. Ara yín yá, ẹ ò dúpẹ́, ẹ ní kí ló dé. Àwọn tó ń bá yín jà ò mọ ọ̀nà Ìgbájọ ni."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bọ́láwùmí náà rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún. Àmọ́ mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Bí òtútù ò bá ṣe é nílùú olótùútù, a jẹ́ pé kì í ṣe òtútù.

Ó padà dé nígbà tí ọyẹ́ ti wọlé. Àwọn èèyàn ti ń dáná sun igbó lójú ọ̀nà oko. Eruku ọ̀nà ti pọ́n. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ padà jókòó sí ààrò àgbà, agbada àkọ́kọ́ ò tí ì gbẹ tí àyà rẹ̀ fi há.

"Wọ́n ti rí i pé ẹ ti dé," Tẹjúmádé wí, ó sì na ọwọ́ sí ògùṣọ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe bíi ti àtẹ̀yìnwá. Kò lè parí gbólóhùn kan. Á sọ ọ̀rọ̀ kan, á dúró gba èémí, á tún sọ ọ̀kan. Egungun ọrùn rẹ̀ ń yọ síta bó ti ń mí. Ètè rẹ̀ ṣú. Mo pe ọlọ́kadà. Èmi àti Ọláwuyì gbé e gùn ún, Dámilọ́lá jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó dì í mú. Dámilọ́lá ni ìyàwó tó dé gbẹ̀yìn, òun ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Òun ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé ìwòsàn fún wa.

Nọ́ọ̀sì kan ló gbà wọ́n. Purity lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìlá ni, ìjọ tí bàbá rẹ̀ ń lọ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó mú páìpù kékeré aláwọ̀ búlúù kan. Ó lu ìdí ike omi kan, ó ki páìpù náà bọ ibẹ̀, ó ní kí Bọ́láwùmí fi ẹnu ike sẹ́nu kó máa mí. Ó ń tẹ páìpù, Bọ́láwùmí ń mí. Dámilọ́lá ní bí ẹni tí wọ́n ń tú ọ̀já láyà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ló rí.

Nígbà tí ẹnu rẹ̀ lè sọ̀rọ̀, ó bèèrè ọ̀rọ̀.

"Kí lèyí, nọ́ọ̀sì?"

"Ikọ́ fée ni, Mọ́mì. Òun ni wọ́n ń pè ní ásímà. Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

"Mò ń yan gàrí."

"Nínú ilé àbí níta?"

"Nínú ilé ni. Ààrò àgbà ni tèmi."

Nọ́ọ̀sì ò mọ ohun tí ààrò àgbà ń jẹ́. Ó ní, "Èéfín ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ yín yìí, Mọ́mì."

"Èéfín kẹ̀? Ìyá mi yan gàrí títí ó fi darúgbó kùjọ́kùjọ́. Kò húkọ́ rí."

"Níbo ni wọ́n ti ń yan tiwọn?"

"Abẹ́ igi ọsàn."

"Ṣé igi ọsàn yẹn ní ògiri ni?"

Dámilọ́lá ní Ìyá Gabriel sún mọ́ nọ́ọ̀sì, ó ní kó la ọ̀rọ̀ náà yé òun.

Nọ́ọ̀sì sọ ọ́ fún un bó ṣe yẹ kéèyàn sọ fún ẹni tó fẹ́ mọ̀. Ó ní ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà nínú ẹ̀dọ̀fóró wa pẹ̀ka bí igi, àwọn ẹ̀ka tó kẹ́yìn sì tín-ínrín ju òwú lọ. Bí èéfín bá ń lu wọ́n lójoojúmọ́, inú wọn á bó, wọ́n á wú, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á kún wọn, wọ́n á sún kì. Ó ní ìyẹn gan-an kọ́ ni òpin rẹ̀. Ọ̀nà èémí tó bá ti bó báyìí á di onínúfùfù. Ohun tí kì í ṣe é tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Eruku. Irun ewúrẹ́. Lọ́fínńdà. Ara á máa bá wọn jà bí ẹni pé ọ̀tá ni wọ́n, ìjà yẹn náà á sì tún jẹ́ kó wú sí i.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi?" Bọ́láwùmí bi í. "Tẹjúmádé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò ṣe é."

"Ara ò dọ́gba, Mọ́mì. Àwọn kan wà tí wọ́n bí i mọ́, tí ó kàn ń sùn. Èéfín á wá jí i. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé èéfín náà ti pọ̀ jù fún wọn ni. Mi ò lè sọ èwo ni tiyín. Ẹ gbọ́dọ̀ lọ rí dókítà."

Ó lọ rí dókítà. Dókítà ní ikọ́ fée ni lóòótọ́. Ó fún un ní páìpù mìíràn tí á máa fà lójoojúmọ́, bí ó dùn ún bí kò dùn ún, ó ní kí ti búlúù máa wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọjọ́ tí àyà bá há. Ṣùgbọ́n ohun kan náà tí nọ́ọ̀sì sọ lòun náà sọ. Páìpù ò ní lè gba ẹni tó bá ń padà lọ jókòó sínú èéfín. Kó kúrò nídìí rẹ̀.

Ó wá bá mi nídìí igi obì.

"Wọ́n ní kí n kúrò nídìí èéfín."

"O ti gbọ́."

"Tí mo bá kúrò, kí ni mo fẹ́ máa ṣe? Kí n lọ jókòó sí yàrá Gabriel, kí n máa wo ògiri? Tí mi ò bá sì kúrò, mo máa kú." Ó na ọwọ́ sí ilé gàrí lódìkejì ọ̀nà. "Wò ó. Èéfín yẹn, kí ló dé tí kò fi gba ẹnu ọ̀nà jáde? Ṣebí ibẹ̀ ló ṣí?"

Mo wo ibẹ̀. Lóòótọ́, kò gba ẹnu ọ̀nà jáde. A jókòó síbẹ̀, a ń wò ó. Atẹ́gùn ojú ọ̀nà ń fẹ́ wọlé. Èéfín ààrò ẹnu ọ̀nà ń tẹ̀ sínú, ó ń bá ti ìkejì, àwọn méjèèjì ń bá ti ìkẹta. Nígbà tó fi máa dé ìdí ògiri, kò níbi tó ń lọ mọ́. Á yí po níbẹ̀. Lẹ́yìn ògiri yẹn kan náà ni ẹ́ńjìnnì Ọláwuyì tó ń lọ ẹ̀gẹ́ wà, páìpù rẹ̀ sì ń tu èéfín epo díísù dúdú gba abẹ́ páànù wọlé.

"Gbogbo ọdún tí mo fi jókòó sínú ibẹ̀, mi ò rí èyí," ó wí. "Téèyàn bá wà nínú rẹ̀, ojú èèyàn á kàn máa ta ni."

Lọ́jọ́ kejì, kílẹ̀ tó mọ́ tán, ó ti gbé àpótí rẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà. Dámilọ́lá ló kọ́kọ́ dé. Ó rí àgbà nípò rẹ̀, ó ju igi ìdáná sílẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Mà, kí ni mo ṣe yín?"

"O ò ṣe mí ní nǹkan kan. Dìde. Ibí ni mo fẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà. Tí ìyá ọkọ mi bá gbọ́ pé mo lé yín sẹ́nu ọ̀nà, mo ti tẹ́."

Tẹjúmádé dé, ó káwọ́ lérí. "Ìyá Gabriel! Ẹ fẹ́ kí ayé fi wá ṣẹ̀sín? Kí wọ́n ní a gba ààrò lọ́wọ́ yín nígbà tí ara yín ò yá?"

"Kí wọ́n wá bi mí."

"Èmi ò ní jókòó sí ààrò àgbà kí ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Láyé. Ibi tí ẹ bá wà ni ààrò àgbà."

Ohun tí wọ́n sì ṣe nìyẹn. Àfi bíi pé wọ́n yí ilé gàrí padà. Bọ́láwùmí wà lẹ́nu ọ̀nà, Tẹjúmádé tẹ̀ lé e, wọ́n tò wọnú lọ bẹ́ẹ̀. Dámilọ́lá, ìyàwó tuntun, bọ́ sí ìdí ògiri. Bọ́láwùmí ò fẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó gbọ́ tirẹ̀. Inú Dámilọ́lá náà kọ́kọ́ dùn. Òjò ò ta sí i lára mọ́.

Àyà Bọ́láwùmí rọ̀. Ó ń fa páìpù rẹ̀ láàárọ̀, ó ń yan gàrí rẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣeré bí wọ́n ti ń kọjá.

"Ìyàwó tuntun o!"

"Ọkọ mi dà?" á dá wọn lóhùn. "Ẹ sọ fún un kó gbé ẹja bọ̀!"

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ọyẹ́ lọ, òjò àkọ́rọ̀ dé. Lọ́jọ́ kan, mo gbé ẹ̀gẹ́ dé ibẹ̀, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń húkọ́ nínú. Mo wo Bọ́láwùmí, òun kọ́. Dámilọ́lá ni. Ojú rẹ̀ pọ́n bí osùn, imú rẹ̀ ń ṣomi. Ó ní ó ti tó ìgbà díẹ̀, òun ò fẹ́ sọ. Bọ́láwùmí dìde, ó lọ fi etí lé ẹ̀yìn ọmọbìnrin náà. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ó ń fọn," ó wí. "Díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ó ń fọn."

Tẹjúmádé mi orí. "Mo sọ ọ́. Ẹni tó ń ṣe é náà—"

"Tẹjú." Bọ́láwùmí ò pariwo. "Ta ló ń jowú ìyàwó tuntun? Kí ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀?"

Tẹjúmádé lọ di Dámilọ́lá lápá mú, ó fà á dìde.

Wọ́n gbé Dámilọ́lá kúrò níbẹ̀. Ó wá ku ta ló fẹ́ jókòó síbẹ̀. Obìnrin márùn-ún ni, ààrò mẹ́rin ló kù. Tẹjúmádé ní kí wọ́n máa gbà á fún ara wọn, ẹnì kan lónìí, ẹlòmíràn lọ́la. Bọ́láwùmí ní kí wọ́n máa gba kí ni fún ara wọn? Ikọ́? Ó ní tí ìdí ògiri bá ṣì ń mú ẹnì kan, òun náà ò lè jókòó lẹ́nu ọ̀nà kí òun máa mí dáadáa. Yálà ògiri kúrò, tàbí òun kúrò.

Wọ́n pe Ọláwuyì. Ó dé pẹ̀lú epo ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́.

"Ẹ fẹ́ kí n wó ògiri? Ìyá Gabriel, ògiri tí bàbá mi mọ? Tí òjò bá wọlé ń kọ́?"

"Òjò ti pa mí lẹ́nu ọ̀nà. Mo ṣì wà láàyè."

"Èéfín díẹ̀ ló ń dà yín láàmú báyìí? Ilé gàrí tí kò léèfín, ilé gàrí kọ́ nìyẹn."

Bọ́láwùmí nu ọwọ́ rẹ̀. "Òótọ́ lo sọ. Ọláwuyì, ìwọ lo ni ilé, a ò sì fi ìwọ jẹ àgbà ibẹ̀ rí. Ó kù díẹ̀ káàtó. Lọ jókòó sí ààrò àgbà. Ìwọ ni kó o yan agbada kan fún wa lónìí."

Àwọn obìnrin ké. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Tẹjúmádé gba epo lọ́wọ́ rẹ̀, ẹlòmíràn ti fa àpótí sílẹ̀. Ọkùnrin ò lè sá níwájú obìnrin márùn-ún. Ó tún fìlà dé dáadáa, ó lọ jókòó. Wọ́n kó igi sí gbogbo ààrò márààrùn-ún. Bọ́láwùmí fúnra rẹ̀ lọ tan ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn ògiri.

"Ro ó o, Ọláwuyì! Má jẹ́ kó jó!"

"Mò ń ro ó."

"Àgbà kì í nu ojú o!"

"Ẹ fi mí sílẹ̀."

Gàrí ò tí ì gbóná dáadáa tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Ó fi fìlà bo imú. Ó na ọrùn síwájú, ó tún fà á sẹ́yìn, kò síbi tó yí orí sí tí èéfín ò tẹ̀ lé e. Ó húkọ́ títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tó dìde, kò wojú ẹnikẹ́ni, ó gba àárín wọn kọjá lọ síta, ó lọ dì mọ́ igi obì mi, omi ń dà lójú rẹ̀. Gàrí ti jó. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́, nítorí Bọ́láwùmí ti dúró tì í, ó ń fi ọwọ́ rọra gbá a lẹ́yìn.

"Ṣé o lè mí síta?" ó bi í.

"Mo lè mí."

"Ó dáa. Èmi ò lè ṣe é nígbà yẹn."

Ọláwuyì wó ògiri ẹ̀yìn. Ìlàjì òkè ló wó, ó fi ìlàjì ìsàlẹ̀ sílẹ̀ kí òjò má bàa ṣàn wọlé. Ó na páànù síta díẹ̀ lókè rẹ̀. Ó yí páìpù ẹ́ńjìnnì sódìkejì, ó sì fi irin gùn ún ga sókè. Bọ́láwùmí ní kí wọ́n má tún fi ògùṣọ̀ dáná mọ́, igi gbígbẹ nìkan. Tẹjúmádé ráhùn pé ọwọ́ àwọn á máa pẹ́. Ó ṣe é ṣá.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kó padà sí ààyè rẹ̀. Mo rí i pé ẹ̀rù ń bà á. Ẹni tó bá ti wá èémí tì rí, kì í gbàgbé ibi tó ti wá a tì. Ó so páìpù búlúù mọ́ etí ìró rẹ̀. Ó gbé àpótí, ó rìn wọlé, ó jókòó sí ìdí ògiri tó ti di kúkúrú. Wọ́n dá iná gbogbo ààrò. Ó da ẹ̀gẹ́ jíjọ̀ sínú agbada, ó mú àfọ́kù igbá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó.

Dámilọ́lá, tí ara rẹ̀ ti ń yá, dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó tẹ etí sílẹ̀. Atẹ́gùn ọ̀nà ń wọlé bó ṣe ń wọlé tẹ́lẹ̀. Èéfín ń tẹ̀ sínú bó ṣe ń tẹ̀. Ó dé ìdí ògiri, ó gun orí rẹ̀, ó jáde. Gàrí funfun gbẹ, ó ń dún ṣàràṣàrà nínú agbada.

"Ó ń fọn?" Tẹjúmádé bèèrè.

"Kò fọn," Dámilọ́lá wí.

"Fi etí sí i dáadáa."

"Tẹjú, mo ṣì wà níbí," Bọ́láwùmí wí. "Bi èmi fúnra mi."

"Ó ń fọn, Ìyá Gabriel?"

"Kò fọn."

Kì í ṣe pé ikọ́ fée ti lọ. Kì í lọ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ń sun igbó lọ́yẹ́, ilé ló máa ń wà. Bí wọ́n bá ń jọ gàrí tí lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ ń fò, á bọ́ síta. Ó ń fa páìpù rẹ̀ láràárọ̀, kò sì gbọ́ ti àwọn tó ní ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní lè fi í sílẹ̀ mọ́. Ó ní òun náà ò lè fi oúnjẹ sílẹ̀, ta ló sì ń bá òun wí sí i?

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, nígbà tó kó agbada àkọ́kọ́ sílẹ̀ tán, kò da òmíràn sí i. Ó dìde. Ó yí ẹ̀yìn ilé lọ, èmi àti Ọláwuyì tẹ̀ lé e. Ó ń wo èéfín tó ń jáde lórí ògiri. Ó ń tẹ̀ lé e lábẹ́ rẹ̀, ó gbójú sókè bí ẹni tó ń lé ẹyẹ, títí ó fi dé àárín koríko níbi tí èéfín náà ti fẹ́lẹ́, tí a ò fi bẹ́ẹ̀ rí i mọ́. Ó dúró síbẹ̀. Ó wo òdìkejì pápá, níbi tí wọ́n ti gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé kan, tí wọ́n kó búlọ́ọ̀kù jọ sí.

"Ta ló ń kọ́lé síbẹ̀ yẹn?" ó bi Ọláwuyì.

"Ẹnì kan tó wà ní Èkó ni. Kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀, Ìyá Gabriel. Ẹ fọkàn balẹ̀."

"Kò tí ì sẹ́ni níbẹ̀," ó wí, ó sì yíjú padà ń wo páìpù ẹ́ńjìnnì tí Ọláwuyì fi irin gbé sókè, láti ìdí rẹ̀ títí dé orí. "Mélòó nirú páìpù yìí tó lè gbé èéfín ààrò márùn-ún lọ sókè?"